Ọjà Orí Odò: Àwọn Tí Ń Fi Ọkọ̀ Rọ́bà Gbé Ẹbí àti Ẹgbẹ́ Ṣeré ní Jinja

Bí ẹnìkan bá dé Dùgbẹ̀ lónìí, tó ní kí àwọn oníṣòwò yá òun lówó, pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ rọ́bà, pé òun yóò máa gbowó lọ́wọ́ ènìyàn, òun yóò sì máa tu ọkọ̀ náà lọ gangan síbi tí odò ti ń hó yèè, bóyá ọkọ̀ á dojú dé, bóyá kò ní dojú dé, ta ni yóò dá a lóhùn? Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n tètè wá ẹbí rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ gidi ni o. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń fi ṣe òwò ní Jinja, ní ilẹ̀ Ùgáńdà. Àwọn ènìyàn ń wọ bàálù láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá, tọkọtaya, bàbá àti ọmọ, ẹgbẹ́ ilé ìwé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà, wọ́n ń sanwó kí omi lè gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì. Owó ọjọ́ kan fún àlejò máa ń ju 100 dọ́là Amẹ́ríkà lọ.

Ohun méjì ló mú wa fi ojú ewé oṣù yìí sọ ọ̀rọ̀ wọn. Bí ìparí ọdún bá ti ń súnmọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa béèrè ibi tí a lè jùmọ̀ lọ ṣe fàájì, àwọn kan a sì máa dárúkọ ojú omi. Ó dára kí á mọ bí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe ń ṣe é. Èkejì ló wúwo jù: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọjà tí àwọn ará Jinja ń tà, oníṣòwò tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ń ta ohun tí kì í ṣe tiwọn.

Ká kọ́kọ́ mọ ibẹ̀ ná. Jinja wà ní ìlà-oòrùn Kampala, ó tó nǹkan bíi 80 kìlómítà sí olú-ìlú náà. Ibẹ̀ ni Odò Náílì ti ń jáde láti inú adágún ńlá tí àwọn Òyìnbó sọ ní Victoria, èyí tí àwọn Baganda ń pè ní Nalubaale láti ayébáyé. Kí odò náà tó dé òkun lápá Íjíbítì, yóò ti rìn ju 6,000 kìlómítà lọ. Orúkọ Jinja gan-an, òkúta ló jẹ mọ́ ní èdè wọn, nítorí àpáta kún inú odò níbẹ̀ bí ẹni da á sí i. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ John Hanning Speke dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1862. Ó rí omi tí ń dà lórí àpáta, ó sì sọ ọ́ ní Ripon, bí ẹni pé àwọn tó bá níbẹ̀ kò fún un lórúkọ rí. Ripon yẹn kò sí mọ́. Nígbà tí wọ́n parí dáàmù Owen Falls ní 1954, omi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sórí ọ̀rọ̀ dáàmù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò kò ní ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà líle ni, wọ́n fẹ́ ẹ bí ẹni fẹ́ táyà, ṣùgbọ́n yàrá-yàrá ni wọ́n pín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sí, pé bí ọ̀kan bá jò, ìyókù á ṣì gbé ọkọ̀ léfòó. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ní ihò yí ká etí rẹ̀, omi tó bá rọ́ wọlé, ara ihò yẹn ló ń gbà jáde, ẹnikẹ́ni kò ní fi igbá gbọ́n ọn. Èrò mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń jókòó sí etí ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, kálukú pẹ̀lú àjẹ̀ tirẹ̀. Atukọ̀ wà lẹ́yìn. Òun nìkan ló mọ ọ̀nà.

Kí wọ́n tó débi omi líle rárá, atukọ̀ yóò kó èrò rẹ̀ lọ síbi tí omi ti rọ̀, yóò sì kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ náà kò pọ̀. Bó bá ní "Síwájú!", kí gbogbo wọn jùmọ̀ wà á síwájú. Bó bá ní "Sẹ́yìn!", kí wọ́n wà á sẹ́yìn. Bó bá ní "Ẹ dúró!", kí wọ́n gbé àjẹ̀ sókè. Bó bá wá ní "Ẹ wólẹ̀!", kí kálukú bọ́ sínú ilẹ̀ ọkọ̀, kó di okùn etí rẹ̀ mú, kó má wo ẹ̀yìn. Àṣẹ mẹ́rin péré. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ bó ṣe ṣòro tó kí ènìyàn mẹ́jọ jùmọ̀ gbé àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ á fẹ́ máa pàṣẹ, ìyàwó á máa wo ọkọ rẹ̀, ọmọdé á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà pẹ́ a máa sọ pé ọkọ̀ tí gbogbo èrò inú rẹ̀ ń wà á jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà dára ju èyí tí alágbára méjì ń fi ipá wà nígbà tí àwọn yòókù ń wòran. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ìpàdé ìgbìmọ̀ rí, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣe àjèjì sí i yín.

Wọ́n á tún kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí omi bá gbé wọn jù síta, nítorí yóò gbé àwọn kan jù síta. Kí o sùn gbalaja, kí ojú rẹ kọjú sí ọ̀run, kí ẹsẹ̀ rẹ ṣáájú kó sì wà lókè, kí o má gbìyànjú láti dìde dúró láéláé, torí bí ẹsẹ̀ bá há sáàárín òkúta, omi tí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn yóò tẹ orí mọ́lẹ̀. Bí o bá bá ara rẹ lábẹ́ ọkọ̀, gbé ọwọ́ sókè, fi ọwọ́ rìn lára ọkọ̀ títí wàá fi yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀wù amúniléfòó, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ti wà lọ́rùn kálukú, atukọ̀ fúnra rẹ̀ ló so ó, ló sì fà á wò bóyá ó le. Akoto wà lórí. Àwọn mìíràn tún wà nínú ọkọ̀ kékeré elénìkan, wọ́n ṣáájú lọ dúró nísàlẹ̀ omi ríru, iṣẹ́ tiwọn kò ju kí wọ́n ṣa àwọn tó bá já bọ́.

Odò níbẹ̀ pàápàá dà bí ẹni pé wọ́n dìídì ṣe é fún iṣẹ́ yìí. Omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, ó pọ̀, ó sì jìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ru láti òkè délẹ̀. Yóò ru fún ìgbà díẹ̀, yóò sáré bọ́ láàárín àpáta, lẹ́yìn náà yóò wá tẹ́ rẹrẹ, yóò sinmi, bíi kí ó má mọ nǹkan kan. Ibi tó sinmi yẹn ni wọ́n ti ń ṣa èrò, tí wọ́n ń ka orí wọn, tí wọ́n ń pín ọsàn àti bisikíìtì. Omi ríru ní ìwọ̀n káàkiri àgbáyé, láti 1 títí dé 6. Èyí tó jẹ́ 1, ọmọ ọwọ́ lè fi ọwọ́ tọ́ ọ. Èyí tó jẹ́ 5, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ síwájú ẹ. Èyí tó jẹ́ 6, wọn kì í fi èrò gbà á. Ibì kan tí wọ́n ń pè ní Itanda wà níbẹ̀, apá òkè rẹ̀ le kọjá ààlà. Bí wọ́n bá débẹ̀, gbogbo èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọn á fi ẹsẹ̀ rìn létí odò, wọn á ru ọkọ̀ kọjá ibi tó le jù, kí wọ́n tó tún gbé e sómi nísàlẹ̀. Èyí wú wa lórí púpọ̀. Ẹni tó ti gbowó tán, tó sì tún lè sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé "níhìn-ín, ẹ rìn," oníṣòwò tó mọ ohun tó ń ṣe ni.

Ti ẹbí tó ní ọmọ kéékèèké yàtọ̀. Wọn kì í kó wọn lọ sí Itanda. Wọ́n ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà, ibi tí omi ti rọ̀ jù, tí àwọn omi ríru kéékèèké wà tó tó láti mú ọmọdé pariwo ayọ̀. Atukọ̀ nìkan ló sábà máa ń wà á pẹ̀lú àjẹ̀ gígùn méjì, ìyá, bàbá àti ọmọ yóò jókòó, wọn yóò máa wo ẹyẹ àti apẹja. Bó bá wù wọ́n, wọn á bọ́ sínú omi lúwẹ̀ẹ́, wọn á tún gòkè. Wákàtí mélòó kan ni, kì í gba odindi ọjọ́.

Nígbà tí wọ́n bá gòkè tán, ebi á ti máa pa kálukú. Oúnjẹ tó gbajúmọ̀ létí títì níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní rólẹ́ẹ̀sì. Kì í ṣe aago ọwọ́ o! Ẹyin díndín ni, wọ́n gé tòmátò àti àlùbọ́sà sí i, wọ́n wá fi ṣapátì ká a bí ẹni ká ẹní. Ọmọkùnrin kan pẹ̀lú ààrò èédú kan àti tábìlì kan, òwò rẹ̀ ti dúró.

Ọmọkùnrin oníṣapátì yìí la fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ọkọ̀ rọ́bà kan ló wọ odò, ṣùgbọ́n ẹ ka iye ẹnu tó ń jẹ lára rẹ̀. Dírẹ́bà tó gbé èrò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Àwọn tó ń ru ọkọ̀. Ìyá tó ń dáná. Ẹni tó ń ya fọ́tò létí odò, tí yóò tà á fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ilé tí àlejò ń sùn, ẹni tó ń fọ aṣọ ibùsùn, ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bodaboda, ẹni tó ń ta ẹja tìlápíà. Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, àwọn àjèjì ló ń tu ọkọ̀ jù. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ etí odò náà kọ́ ọ, wọ́n sì di atukọ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò dúró de ilé iṣẹ́ kankan. Ní Bujagali, ọ̀dọ́mọkùnrin kan á di kẹ́ẹ̀gì òfìfo aláwọ̀ ìyeyè mọ́ àyà, á bẹ́ sójú ibi tí omi ti ń dà, omi á gbé e yí po yí po, á yọ nísàlẹ̀, á wá na ọwọ́ sí àwọn àlejò tó ń wòran. Iṣẹ́ tí ìyá kan kò ní gbàdúrà rẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n owó ń wọlé.

Bujagali yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá kan. Ó wà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ sí ìsàlẹ̀ dáàmù àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ ti máa ń gbéra, ibẹ̀ sì ni omi ti rẹwà jù. Fún àwọn Basoga, ojúbọ ni. Ẹ̀mí kan tí wọ́n ń pè ní Budhagaali ló ń gbé inú omi náà, ó sì ní ẹlẹ́gùn tó ń gùn láti ìran dé ìran. Wọ́n máa ń sọ pé nígbà àtijọ́, ẹlẹ́gùn náà tẹ́ aṣọ èèpo igi sójú omi, ó jókòó lé e, ó sì kọjá sódì kejì. Àwa tí a mọ Ọ̀ṣun àti Yemọja kò ní fi èyí rẹ́rìn-ín.

Ìjọba Ùgáńdà fẹ́ kọ́ dáàmù síbẹ̀. Láti ìgbà 1990 ni ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ tí ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó kọ́kọ́ gbà á fi í sílẹ̀ ní 2003. Ní 2007 wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní tòótọ́. Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀mí inú omi náà. Ẹlẹ́gùn ní ẹ̀mí kì í ṣe ẹrù tí ènìyàn ń kó láti ilé kan sí òmíràn. Àwọn kan ṣe ètùtù pé àwọn ti ṣí i kúrò. Ìdílé tí dáàmù gba ilẹ̀ wọn ni wọ́n kó lọ sí Naminya. Ní ìparí 2011, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lẹ́yìn dáàmù, ní oṣù Kẹwàá 2012 ni wọ́n sì ṣí i. Agbára rẹ̀ jẹ́ 250 mẹgawáàtì. Ibi tí omi ti ń dà tẹ́lẹ̀ wá di adágún tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn omi ríru ìbẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò, èyí tí àwọn atukọ̀ mọ̀ bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́, gbogbo wọn rì. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníkẹ́ẹ̀gì kò rí ibi bẹ́ sí mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí á fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá o. Iná mànàmáná kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní 2005 àti 2006, omi adágún fà gan-an, dáàmù tí wọ́n ní kò sì lè gbé iná tó. Wọ́n ń pín òkùnkùn bí ẹni pín gààrí, ilé iṣẹ́ ń jó dísùù, ọjà ń wọ́n. Ẹni tó ń ran aṣọ, ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń di ẹja sínú yìnyín, gbogbo wọn ló jìyà rẹ̀. Nígbà tí Bujagali bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná tó ń mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo èyí tí orílẹ̀-èdè náà ń rí. Àwa tí a ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́, a kò ní jókòó síbí ká ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Ní tiwa pàápàá, ṣé dáàmù Kainji tí wọ́n ṣí ní 1969 kò bo ìlú Bussa àtijọ́, títí kan omi ríru tí Mungo Park kú sí ní 1806? A gba iná, a sì pàdánù Bussa. Ọ̀rọ̀ wa wà níbòmíràn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Bujagali, Báńkì Àgbáyé wà nínú àwọn tó dúró fún owó rẹ̀. Wọ́n rí i pé ohun tó ń bọ̀ wá rì kò kéré. Wọ́n wá kọ ìwé àdéhùn ní 2007 pé ibì kan nísàlẹ̀ odò, tí ń jẹ́ Kalagala, ìjọba Ùgáńdà yóò yà á sọ́tọ̀, fún igbó, fún ẹran, fún ìgbàgbọ́ àwọn ará ibẹ̀ àti fún àwọn àlejò, pé wọn kò ní fi ṣe iná láìjẹ́ pé báńkì fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí Bujagali bá lọ, Kalagala yóò dúró. Àwọn ọlọ́kọ̀ rọ́bà fi ọkàn balẹ̀. Wọ́n ṣí ibùdó wọn sí ìsàlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò wọn lẹ́yìn dáàmù tuntun, wọ́n sọ orúkọ àwọn omi ríru tó kù di ọjà.

Kò pẹ́ rárá. Ní 2013, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí dáàmù mìíràn ní Isimba, nísàlẹ̀ sí i, pẹ̀lú owó tí wọ́n yá lọ́dọ̀ Ṣáínà. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹta 2019, agbára rẹ̀ jẹ́ 183 mẹgawáàtì. Ó jìnnà sí Kalagala, ẹni tó bá ka ìwé àdéhùn náà lè ní kò sí ohun tó burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti sé omi oko rí, ẹ mọ̀ pé omi tí a sé, ẹ̀yìn ló ń rìn sí. Wọn kò kọ́ dáàmù sí Kalagala. Omi dáàmù ló gòkè wá bá a. Apá kan nínú ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ rì. Ọ̀pọ̀ nínú ìgbì ńlá tí àwọn ọlọ́kọ̀ elénìkan ń ti òkèèrè wá gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti kọ̀wé, wọ́n ti pariwo pé kí wọ́n má jẹ́ kí dáàmù náà ga jù. Itanda àti Kalagala fúnra wọn ṣẹ́kù. Ìyẹn náà, ọpẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló fọwọ́ sí ìwé 2007 yẹn? Ìjọba fọwọ́ sí i. Báńkì fọwọ́ sí i. Atukọ̀ kò sí níbẹ̀. Ìyá tó ń dáná kò sí níbẹ̀, oníṣapátì kò sí níbẹ̀, ẹlẹ́gùn kò sí níbẹ̀. Nígbà tí omi Isimba bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ìwé tí wọ́n ń gbé sókè kì í ṣe ìwé tiwọn, wọn kò sì lè fi pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ bí ẹni tó ní ìpín. Ní tiwa, níbẹ̀ ni àléébù wà. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ lè gba owó gbà-má-bínú, nítorí ilẹ̀ ní ààlà, ó ní igi kòkó tí wọ́n lè kà. Eré tí omi ń sá, ta ni yóò kà á? Odindi òwò ló wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ojú ewé tí wọ́n kọ orúkọ olówò náà sí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa wà nínú irú rẹ̀ láìfura. Ẹni tó ń pàtẹ lẹ́bàá ibùdókọ̀, èrò tó ń kọjá ló ń tà fún, èrò náà kì í ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ibùdókọ̀ lọ, àtẹ yóò wà, owó kò ní wọlé. Ẹni tó ń lọ gààrí létí odò, ẹni tó ń fọ aṣọ, apẹja Ẹ̀pẹ́, ohun tí gbogbo wọn fi ń jẹun wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn nígbà gbogbo pé kí ẹgbẹ́ máa lọ sí ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ tí katakata bá dé.

Fún àwọn tó fẹ́ gbé ẹgbẹ́ tàbí ẹbí lọ sójú omi, ní Jinja o, níbikíbi o, díẹ̀ rèé nínú ohun tí a kọ́ lára àwọn ará Ùgáńdà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìwọ̀n omi náà, láti 1 dé 6, kí wọ́n dá a yín lóhùn ní nọ́ńbà, kì í ṣe "kò le rárá". Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀wù amúniléfòó hàn yín, ẹ wọ̀ ọ́ wò, pàápàá ti ọmọdé, nítorí ti àgbàlagbà yóò bọ́ lọ́rùn ọmọ bó bá ti kan omi. Ẹ bi wọ́n pé ta ló wà nísàlẹ̀ tí yóò ṣa ẹni tó bá bọ́. Bí kò bá sí ẹnìkan, ẹ padà sílé. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, aláboyún, ẹni tó ti mu ọtí láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró létí odò pẹ̀lú oúnjẹ. Ní ti àwọn ọkọ̀ tí ń gbé èrò káàkiri odò àti ọ̀sà wa nílé, tí wọ́n kó ènìyàn bí ẹni kó iṣu, láìsí ẹ̀wù kan ṣoṣo, a kò ní ọ̀rọ̀ rere kan láti sọ.

Iṣẹ́ náà ṣì ń lọ ní Jinja. Ní 2020, àrùn Kòrónà dá àlejò dúró, omi adágún sì tún kún dé ibi tí kò kún dé rí. Ní oṣù Kẹjọ 2022, omi ya wọ ilé ẹ̀rọ Isimba, iná sì kú níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ṣì ń gbéra lẹ́yìn dáàmù Bujagali ní àárọ̀, wọ́n ń kọjá àwọn omi ríru tó kù, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní Itanda, wọ́n ń gòkè ní ọ̀sán. Ohun kan ṣoṣo ló ti yàtọ̀. Láyé àtijọ́, adágún ló ń pinnu bí omi yóò ṣe pọ̀ tó. Nísinsìnyí, ọwọ́ àwọn tó ń ṣí dáàmù ni odò wà, omi lè pọ̀ láàárọ̀ kó dínkù nírọ̀lẹ́, omi ríru tó dára lánàá lè di àpáta lásán lónìí. Nítorí náà, kí atukọ̀ tó pe èrò sínú ọkọ̀, yóò kọ́kọ́ lọ dúró létí odò, yóò wo àmì tó mọ̀ lára òkúta kan, yóò rí iye omi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà.